Ohun Tí Ẹ Kò Bá Kọ Kò Sí: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Eré fún Kátúùnù

Nígbà tí òṣèré gidi bá wọ yàrá níwájú kámẹ́rà, yóò ṣẹ́jú, aṣọ rẹ̀ yóò mì, òjìji rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí sínú ìwé eré. Nínú kátúùnù, ojú tó ṣẹ́ yẹn, ẹnìkan ló jókòó tó yà á. Férémù, ìyẹn àyè àwòrán kọ̀ọ̀kan, 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá 1 fíìmù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń fi àwòrán kan bo férémù méjì, àwòrán 12 ni ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ń gbé mì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé eré kátúùnù àti ti fíìmù yòókù nìyẹn: ohun tí òǹkọ̀wé kò bá kọ kì í ṣẹlẹ̀, ohun tó bá sì kọ, ọwọ́ ènìyàn ni yóò gbé e jáde, owó ni yóò sì san án.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí kò nílò kó mọ àwòrán yà. Kó lè rí ìran lójú inú, kó sì lè ka iye iṣẹ́ tó wà nínú gbólóhùn kan, ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Ọwọ́ tí ìwé yín yóò gbà kọjá

Ètò tó wọ́pọ̀ jù fún tẹlifíṣọ̀n nìyí. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ kókó ìtàn, ìdajì ojú ìwé sí ojú ìwé kan. Bí olóòtú bá gbà á, ẹ ó kọ egungun ìtàn, níbi tí gbogbo ìran ti wà ní ṣókí láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu. Fún eré ìṣẹ́jú 11, ojú ìwé 2 sí 4 tó. Ìgbà yẹn ni ìwé eré gan-an tó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀dà kejì, lẹ́yìn rẹ̀ àtúnfọ̀ ìkẹyìn. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, àwọn òṣèré á wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ohùn ló máa ń ṣáájú nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, nítorí pé ẹnu ni wọ́n ń yà kó bá ohùn mu. Ayàwòrán á wá ṣe storyboard, ìyẹn àwòrán kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀léra láti fi hàn bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Disney sọ di àṣà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Wọ́n á to àwòrán wọ̀nyẹn mọ́ ohùn, wọ́n á wọn àkókò rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní animatic. Ẹ̀yìn èyí ni yíyà gidi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni èyí jẹ́ sí òǹkọ̀wé? Kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀, ẹ lè yí gbólóhùn kan padà ní ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pe òṣèré padà wá. Lẹ́yìn yíyà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹnu yà. Nítorí náà, àwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín lórí ìwé, ẹ má fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ayàwòrán á bá yín wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń lo ìwé eré kíkún. Nínú àwọn kan, òǹkọ̀wé á fi egungun ìtàn sílẹ̀, àwọn ayàwòrán storyboard ni yóò sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu bí wọ́n ṣe ń yà. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe kí ẹ tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ojú ìwé 16 tí kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀.

Wíwá ìtàn tó yẹ

Ìdánwò kan wà tí kì í gba àkókò: bí ẹ bá lè fi ènìyàn méjì àti kámẹ́rà kan ya ìtàn náà láìpàdánù ohunkóhun, kí ló dé tí ẹ fẹ́ yà á ní kátúùnù? Kì í ṣe òfin o. Eré tó dára tó rú u wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yóò jèrè púpọ̀ bó bá fi ìbéèrè yẹn dán ìtàn rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa gbé kiri títí dé ìparí. Ìgbín kékeré kan wà, Jẹ́jẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rù òkùnkùn ń bà á. Inú ìkarahun ara rẹ̀ ló sì yẹ kó máa sùn. Ẹ wo ibi tí agbára rẹ̀ wà: ìṣòro náà kò jìnnà sí ẹ̀dá ìtàn, ó gbé e pọ̀n. Ibi yòówù kó sá lọ, òkùnkùn yẹn ń bá a lọ. Òṣèré gidi kankan kò lè ṣe é.

Kókó ìtàn rẹ̀ wá lè lọ báyìí: “Ìgbín tó ń bẹ̀rù òkùnkùn fẹ́ sùn nínú ìkarahun rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ló bá tan tanátaná ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé kó lè máa ṣe fìtílà fún un, ṣùgbọ́n tanátaná tí kò rí oorun sùn ń pàdánù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí iná náà bá sì kú tán, tanátaná kò ní rí ọ̀nà jáde.” Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ta ni, kí ló ń wá, kí ló dí i lọ́wọ́, kí ló máa bàjẹ́ bó bá kùnà. Bí ọ̀kan bá ṣaláìsí, ẹ má tíì lọ síwájú. Èyí tí a sábà máa ń rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni: “Jẹ́jẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ní ìgboyà.” Kò sí ayàwòrán tó lè ya ìyẹn. Ìgboyà kò ní àwọ̀, kò lẹ́sẹ̀.

Egungun ìtàn: ìṣẹ́jú 11

Ìṣẹ́jú 11 ni ìwọ̀n tó dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Eré méjì irú rẹ̀ ló sábà máa ń kún àyè ìdajì wákàtí lórí tẹlifíṣọ̀n pọ̀ mọ́ ìpolówó. Ìtàn kan ṣoṣo ló gbà. Eré ìṣẹ́jú 22 láyè fún ìtàn kejì tó ń lọ lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ìtàn kejì bọ inú ìṣẹ́jú 11, méjèèjì ni ebi máa pa. Ohun tó láyè ni àwàdà kan tó ń padà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ẹ̀ẹ̀kẹta sì yàtọ̀ sí méjì tó ṣáájú.

Nípa àkókò, kí ìṣẹ́jú 1 tó pé, a ti gbọ́dọ̀ rí ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń wá. Kí 2 tó pé, ìdíwọ́ ti dé. Láti 2 dé 5, ó ń gbìyànjú, ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan sì ń dá kún wàhálà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 6, ohun tó rò pé ó jẹ́ ojútùú á yíjú padà di ìṣòro. Ibi tó burú jù wà ní nǹkan bí 8. Láti ibẹ̀ dé 10, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan tí kò lè ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú tó kù jẹ́ fún ẹ̀rín àti ìsinmi.

Fún Jẹ́jẹ́: ó gbìyànjú láti sùn ní ìta, ìrì wẹ̀ ẹ́. Ó ki orí bọ ìkarahun, ó fi ìdí sílẹ̀ níta, afẹ́fẹ́ gbé ewé bò ó. Ó pe Tanná, tanátaná ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọlé, ó sùn fọnfọn. Àárín eré nìyẹn, gbogbo nǹkan dà bíi pé ó ti dára. Ṣùgbọ́n Tanná ò lè sùn bí iná rẹ̀ bá ń tàn. Ó ń rọ, iná rẹ̀ ń pọ́n, ó ń ṣẹ́jú, ó kú. Jẹ́jẹ́ jí sínú òkùnkùn, ó sá jáde kó tó rántí pé ẹnìkan ṣì wà nínú ibi tóun ti sá. Ó gbọ́dọ̀ padà wọlé láìsí iná.

Nígbà tí ẹ bá ka egungun yín, ẹ fi ọ̀rọ̀ dí àyè tó wà láàárín ìran kan àti èyí tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ “nítorí náà” tàbí “àmọ́” ló wọ ibẹ̀, ìtàn ń rìn. Bó bá jẹ́ “lẹ́yìn náà” nìkan ló gba, ẹ̀ ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ẹ kò tíì hun ìtàn. Ẹ yọ ìran yẹn, tàbí kí ẹ wá ohun tó fà á.

Ojú ìwé náà

Lẹ́tà Courier ìwọ̀n 12 ni gbogbo ayé ń lò, nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba àyè kan náà, a sì lè fojú ojú ìwé ṣírò àkókò. Ẹ fi ínṣì 1.5 sílẹ̀ ní apá òsì, ínṣì 1 ní apá yòókù. Ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀ ní ínṣì 2.5 sí etí òsì ìwé, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 3.7. Final Draft, Fade In, Celtx àti WriterDuet ń tò ó fúnra wọn. Trelby jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn lè kọ ọ́ ní Fountain, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé lásán tí ẹ̀rọ lè sọ di ìwé eré lẹ́yìn náà.

Nínú fíìmù tí ènìyàn ń ṣe, ojú ìwé 1 ń sún mọ́ ìṣẹ́jú 1. Ẹ má gbára lé ìṣirò yẹn níbí. Nítorí pé a ní láti kọ gbogbo ohun tí ojú máa rí, ìwé eré kátúùnù ìṣẹ́jú 11 sábà máa ń tó ojú ìwé 14 sí 18.

Àpẹẹrẹ rèé:

INÚ. ÌKARAHUN JẸ́JẸ́ – ALẸ́

Òkùnkùn biribiri. Ojú funfun méjì yọ wọlé lórí ìwo wọn: JẸ́JẸ́. Ojú ọ̀tún wo òsì. Ojú òsì wo ọ̀tún.

Omi KÁN TÓ níbì kan.

Ojú méjèèjì fà sẹ́yìn FÌRÌ.

ÌTA. ABẸ́ EWÉ ŃLÁ – ÀKÓKÒ KAN NÁÀ

Jẹ́jẹ́ na ara gbọọrọ síta, ó ń wo ilé ara rẹ̀ bí àlejò.

TANNÁ fò kọjá fẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn.

JẸ́JẸ́
(bíi pé kò sí nǹkan kan)
Tanná! Ṣé o ti rí ibi sùn?

TANNÁ
Láti ìgbà wo lo ti ń bi mí?

Jẹ́jẹ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ìwo ojú kan tọ́ka sí ẹnu ìkarahun rẹ̀ bí onílé tó ń fi yàrá han ayálégbé.

JẸ́JẸ́
Afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa.

Ẹ wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò síbi tí a ti kọ “ẹ̀rù bà á”. Ojú méjì tó ń wo ara wọn ló sọ ọ́. Kò síbi tí a ti pàṣẹ fún kámẹ́rà. Ìpínrọ̀ tuntun ló ń sọ fún ayàwòrán pé àwòrán yí padà. Omi tó kán gba ìpínrọ̀ tirẹ̀ nítorí pé a fẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró kí a tó gbọ́ ọ. Nínú ìpínrọ̀ ìṣe, orúkọ ẹ̀dá ìtàn wà ní lẹ́tà ńlá nígbà àkọ́kọ́ tó yọ nìkan, ìró àti ìṣe tó dédé ṣẹlẹ̀ náà sì wà ní lẹ́tà ńlá kí ẹni tó ń ṣe ohùn àti ipa lè tètè rí wọn. Ìbéèrè Jẹ́jẹ́ kò sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Tó bá ní “Tanná, ẹ̀rù ń bà mí, jọ̀ọ́ wá tànmọ́lẹ̀ fún mi,” àwàdà kú, ìran parí.

Àkọlé ìran gba ohun mẹ́ta: inú tàbí ìta, ibi, àkókò ọjọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ á fẹ́ INT. àti EXT. Ẹ pe ibi kan ní orúkọ kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní ABẸ́ EWÉ lójú ìwé 2, tí ẹ sì pè é ní ÌDÍ IGI lójú ìwé 7, ẹnìkan á lọ ya ibi méjì.

Kíkọ ìṣe

Ibí ni iṣẹ́ wà. “Wọ́n lé ara wọn kiri, ó pani lẹ́rìn-ín púpọ̀” jẹ́ gbèsè tí òǹkọ̀wé jẹ, tó wá ní kí ayàwòrán san. Lílé wo? Ta ló ń borí? Kí ni nǹkan mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, èwo ló sì parí rẹ̀? Ní òdìkejì, ẹni tó kọ ìlà 20 lórí bí ìka ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, kò sì sẹ́ni tó máa kà á tán. Ìwọ̀n tó dára ni pé kí ìpínrọ̀ ìṣe má kọjá ìlà 3 sí 4, kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun kan tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ayàwòrán. “Ó rìn” kò fún un ní nǹkan kan. Ó wọ́, ó tiro, ó yọ́ kẹ́lẹ́, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́: ìkọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àti ìyára tirẹ̀. Ẹni tó ń fi Yorùbá kọ̀wé eré ní ànfààní tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní níbí. “Ó ṣubú gbì” àti “ó já bọ́ fẹ́rẹ́” ti sọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó, bó ṣe pẹ́ tó kó tó délẹ̀, àti irú ìró tó máa dún, láìjẹ́ pé a fi gbólóhùn mìíràn kún un. Ẹ lò wọ́n, ẹ kàn má tò wọ́n jọ bí ẹni ń kéwì.

Ìdúró náà jẹ́ ìṣe. Nínú àwàdà, ibi tí kò ti sí ohun tó ń mì ló sábà máa ń pani lẹ́rìn-ín jù: ẹ̀dá ìtàn kọjá etí ọ̀gbun, ó wo ilẹ̀, ó wo àwa òǹwòran, ó wá jábọ́. Wíwò méjì yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ẹ kọ “Ó dúró. Ó wo ilẹ̀.” ní ìlà tirẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe animatic lè mọ̀ pé ó yẹ kí àkókò kọjá níbẹ̀.

Kọ ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu rárá. Bó bá ṣì yé ẹni tó kà á, ẹ wá dá ọ̀rọ̀ padà síbi tí kò ti ṣeé ṣe láìsí i.

Ọ̀rọ̀ ẹnu

Kó kúrú. Ìlà 2 dára, 3 ti ń pọ̀. Ẹ̀dá ìtàn tó bá ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí ìdúró kan, orí tó ń sọ̀rọ̀ lásán ló dà lójú àwọn ọmọdé, wọ́n á yí ìkànnì padà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣèré kọ̀ọ̀kan máa ń dá wà nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Kò gbọ́ ẹni tó ń dáhùn. Àlàyé kékeré tó wà nínú àkámọ́ lábẹ́ orúkọ ló máa fi mọ̀ bóyá ó ń pariwo láti òkèèrè ni tàbí ó ń sọ ọ́ sétí. Ẹ lò ó níbi tí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ti yàtọ̀ nìkan. Ẹ sì kọ gbogbo ìró ẹnu tí kì í ṣe ọ̀rọ̀: mímí hẹlẹhẹlẹ, sísín, ìkérora nígbà tó ń gbé ẹrù, ẹ̀rín tó dì mọ́ ọ lẹ́nu. Bí wọn kò bá sí nínú ìwé, wọn kò ní gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n á sì wá a títí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń po ohùn. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń gbé wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gba nọ́ńbà, 1, 2, 3 títí dé òpin. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan lẹ́yìn èyí, ẹ má tún nọ́ńbà tò, ẹ kọ “a yọ ọ́” síbẹ̀.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìwé eré Yorùbá. Òṣèré tó rí “igba” láìsí àmì ní láti dúró bi yín bóyá igbá ni, ìgbà ni, tàbí igba. Àkókò yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni ẹ fi ń ṣòfò. Ẹ sì rí i dájú pé irú lẹ́tà Courier tí ẹ yàn gbé àmì orí àti àmì ìdí papọ̀ lórí “ọ̀” àti “ẹ́”. Ẹ sọ ojú ìwé kan di PDF kí ẹ tó kọ 15, kí àpótí òfìfo má baà gba ipò lẹ́tà.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀dá ìtàn méjì fara jọra, Jẹ́jẹ́ àti Jàjá fún àpẹẹrẹ. Ojú tó ń sáré kàwé á ṣì wọ́n mú. Bí ẹ bá ní i lọ́kàn pé wọ́n á fi èdè mìíràn sọ eré náà, ẹ yẹra fún àkọlé tó hàn gbangba lójú àwòrán àti àwàdà tó dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra létí. Wọn kì í rékọjá ààlà èdè.

Kíka owó inú gbólóhùn

“Ẹgbẹ̀rún kòkòrò ya wọ ojúde nínú òjò.” Ọ̀rọ̀ méje péré, ó sì lè jẹ ìdá ńlá nínú owó gbogbo eré. Ohun tó wọ́n yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó ń kọ fíìmù mọ̀. Erin àti èèrà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà. Lílọ sínú òṣùpá kò wọ́n ju lílọ sínú ilé ìdáná lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ìtàn tuntun, ibi tuntun, ọ̀pọ̀ èrò, omi, iná, irun gígùn àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn yìí ló ń jẹ owó.

Irú kátúùnù tí ẹ ń kọ fún náà ń yí ìṣirò padà. Nínú èyí tí a ń fọwọ́ yà, èrò púpọ̀ ló ń pa ni, nítorí pé ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ni a óò yà. Nínú ti kọ̀ǹpútà onípele mẹ́ta, a óò mọ ẹ̀dá ìtàn, a óò fún un ní egungun tó ń mú un rìn, a óò kùn ún. Nítorí náà ẹni tó yọjú fún ìṣẹ́jú àáyá 5 lè wọ́n tó ẹni tó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pípààrọ̀ aṣọ dà bíi kíkọ́ ènìyàn tuntun. Dídì mọ́ra, bíbọ́ aṣọ, fífọwọ́ kan irun, gbogbo ibi tí ohun méjì rírọ̀ ti kan ara wọn ń fa wàhálà. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè wò ó láti igun yòówù láìsan owó mìíràn. Nínú èyí tí a ń fi ọmọlangidi ṣe, tí a ń sún un díẹ̀díẹ̀, fífò àti omi ni ẹ kọ́kọ́ máa yẹra fún.

Lẹ́yìn ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹ fa ìlà sórí ìwé kan, kí ẹ ka ibi, ẹ̀dá ìtàn tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀dá ìtàn tí kò sọ̀rọ̀, ohun ìlò, àti ohun bí omi òun èéfín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìṣẹ́jú 11, ìmọ̀ràn wa ni ibi 3 àti ẹni 4 tó ń sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tó ya wọ ojúde lè di ariwo tí a gbọ́ láti ìta, pẹ̀lú òjìji tó kọjá lára ògiri. Ibi kan náà lálẹ́ àti láàárọ̀ dà bí ibi méjì lójú òǹwòran. Ìtàn Jẹ́jẹ́ ní ibi méjì, ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀, òkùnkùn sì ni ohun tó rọrùn yà jù láyé: ojú funfun méjì lórí dúdú.

Ọjọ́ orí òǹwòran

Ọmọ ọdún 2 sí 5 kò mọ̀ pé ẹni tó ń pẹ̀gàn ń sọ òdì ohun tó ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tó sọ ni ó gbọ́. Kí ìṣòro sún mọ́ ayé rẹ̀, kí ìran díẹ̀ wà, kí àwọn nǹkan máa tún ara wọn sọ. Ọmọ ọdún 6 sí 11 lè tẹ̀lé ẹ̀tàn, ó sì kórìíra kí a wàásù fún òun.

Ohun tí ọmọ lè fara wé ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń ṣọ́ jù: kíkó sínú fíríìjì, fífi ọ̀rá bo orí, títi nǹkan bọ ihò iná, gígun ojú fèrèsé. Ẹ̀dá tó fò láti orí òkè lọ sínú òṣùpá kò dẹ́rù bà wọ́n tó ẹni tó wọ àpótí tó ti ìlẹ̀kùn. Ó kan Jẹ́jẹ́ náà. Tanná há sínú ibi tó ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ fún ọmọ ọdún 3, ẹnu ìkarahun gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ohun tó dè é níbẹ̀ jẹ́ pé kò rí ọ̀nà, kó má jẹ́ pé wọ́n ti í mọ́lé. Àtúnṣe kékeré ni, ó sì gba ìtàn là.

Títún un kọ

Ẹ ka ìwé náà sókè pẹ̀lú aago fóònù. Ẹ ṣe gbogbo ìṣe rẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹ dúró níbi tí a ní kí a dúró, kí ẹ sì kọ àkókò sí ìparí ìran kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 14 dípò 11, ẹ má máa gé ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún. Ìran kan ló pọ̀ jù, ẹ wá a rí.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan kà á fún yín nígbà tí ẹ pa ojú dé, kí ó ka ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Bí gbogbo ìtàn bá yé yín, eré rédíò lẹ kọ. Àwọn àìsàn mìíràn tí a sábà máa ń rí: ojú ìwé méjì tó ń ṣàlàyé ìlú àti òfin rẹ̀ kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, àgbàlagbà tó dé lójú ìwé 13 tó yanjú ohun tí ọmọ ti ń bá jà láti ojú ìwé 2, ẹ̀dá ìtàn mẹ́rin tí a lè pàrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn láìsí ẹni tó máa mọ̀. Fún èyí tó kẹ́yìn, ẹ fọwọ́ bo orúkọ wọn, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ padà lọ wá ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń fẹ́.

Ìdánrawò àti fífi iṣẹ́ han ayé

Ẹ yan eré ìṣẹ́jú 11 kan tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, lẹ́ẹ̀kejì láìsí ohùn. Nígbà kẹta, ẹ máa dá a dúró, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sórí ìwé bí ìwé eré. Ẹ ka ìran, ẹ ka ibi, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan yíjú padà. Mẹ́ta irú èyí yóò kọ́ yín ju oṣù kan tí ẹ fi ń kà nípa rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó wá kọ tiyín.

Ẹni tó ń wáṣẹ́ nílò ìwé eré méjì tó ti parí: ọ̀kan tó jẹ́ ti ara rẹ̀, ọ̀kan tó kọ lórí eré tó ti wà lórí afẹ́fẹ́, láti fi hàn pé ó lè gbọ́ ohùn ẹ̀dá ìtàn ẹlòmíràn. Ẹ má fi ìkejì yẹn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni eré náà. Nítorí ọ̀rọ̀ òfin, wọn kì í sábà fẹ́ kà á. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ṣí ohun tí wọn kò béèrè, àwọn mìíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé àdéhùn. Ẹ kà á tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú, pàápàá ibi tó sọ ẹni tó ni ìtàn náà.

Bí ẹ bá ní eré alábala-púpọ̀ lọ́kàn, ẹ kọ ìwé àlàyé rẹ̀ ní ojú ìwé 8 sí 12: gbólóhùn kan tó sọ eré náà, ayé rẹ̀ àti òfin rẹ̀, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ń wá àti ohun tó máa ń ba tirẹ̀ jẹ́, irú ẹ̀rín rẹ̀, ọjọ́ orí òǹwòran, àti ìtàn kúkúrú 6 sí 10 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju gbólóhùn 3 lọ. Bí ẹ kò bá rí ìtàn 10, ó lè jẹ́ pé fíìmù kan ṣoṣo lẹ ní. Ẹ má ya àwòrán sí i bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n yà dáadáa. Àwòrán tí kò dára máa ń wà lójú olóòtú pẹ́ ju ọ̀rọ̀ tó dára lọ. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́, nọ́ńbà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ kọ ẹ̀dà náà lójú ìwé àkọ́kọ́.